Ṣé kí n dúró kí ẹ̀rù tán kí n tó ṣe é?

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n máa sùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ ìṣirò owó ní ilé-iṣẹ́ kan. Owó oṣù náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ nírọ̀lẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n rán báyìí, àwọn tí mo bá rán aṣọ fún ń padà wá. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ ọn. Mo ti kọ lẹ́tà pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, oṣù mẹ́rìnlá ló ti wà nínú fóònù mi. Lálẹ́, màá ṣí i, màá kà á, màá yí ọ̀rọ̀ kan padà, màá tì í. Bí mo bá ti ní kí n fi ránṣẹ́ báyìí, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Bí oníbàárà kò bá wá ńkọ́? Bí ara mi kò bá yá ńkọ́? Ọmọ méjì ni mo bí. Ọkọ mi ní ohun tí mo bá rí pé ó dáa ni kí n ṣe, èyí gan-an ló tún dẹ́rù bà mí jù. Ṣé kí n dúró kí ẹ̀rù yìí tán kí n tó ṣe é ni, àbí ẹ̀rù yìí fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún mi pé kí n má ṣe é?

* * *

Àbúrò mi, má dúró dè é. Kò ní tán níbi tí o jókòó sí yẹn.

Mi ò sọ pé kí o fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lálẹ́ òní o. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, a ó débẹ̀. Ohun tí o bèèrè gan-an ni mo ń dá lóhùn: bóyá ẹ̀rù ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wo oṣù mẹ́rìnlá tí o fi ń ṣí lẹ́tà yẹn. Bí ìdúró bá ń pa ẹ̀rù, ìbá ti kú sí ọ lọ́wọ́ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ló ń yí padà, ẹ̀rù kò kúrò lójú kan. Mo tilẹ̀ gbà pé ó ti le sí i.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí o bá ṣí lẹ́tà náà, àyà á máa lù. Bí o bá tì í, àyà á rọlẹ̀. Ara rẹ rí ìtura yẹn, ó sì kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀: ọpẹ́lọpẹ́ pé a tì í. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, kíá ló máa ní kí o tì í. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá sá fún nǹkan tí ìtura sì tẹ̀ lé e, ńṣe ló ń bọ́ ẹ̀rù náà kó sanra sí i. Àwọn tó ń tọ́jú ọkàn mọ èyí dáadáa. Òun ló fà á tí wọ́n fi ń mú ẹni tí ẹ̀rù ń bà súnmọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù, díẹ̀díẹ̀, dípò kí wọ́n kàn máa tù ú nínú.

Lọ́dún 1924, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mary Cover Jones, tó ń ṣèwádìí nípa ìwà àti ìrònú ọmọdé, tẹ ìròyìn jáde nípa ọmọ kékeré kan tó pè ní Peter. Ọmọ náà kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ehoro ló ń bà á lẹ́rù. Wọ́n á fún ọmọ náà ní ohun tó fẹ́ràn láti jẹ, wọ́n á sì gbé ehoro tó wà nínú àgò wọ inú yàrá náà, níbi tó jìnnà sí i. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á sún un mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n tú ehoro sílẹ̀ nínú yàrá. Nígbẹ̀yìn, ọmọ yìí jẹ́ kí ehoro máa fi ẹnu tọ́ ìka rẹ̀ wò. Kíyè sí bó ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ: ehoro ló kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀rù ló jáde tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀rù kọ́kọ́ jáde ni, ehoro ì bá má wọlé láéláé.

* * *

Mo ti ka ohun tí àwọn òǹkàwé yòókù fi dá àbúrò wa yìí lóhùn níbí. Ọ̀nà méjì ló pín sí jù.

Àwọn kan ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wọ́n ní kó dúró sídìí owó oṣù rẹ̀. Wọ́n tún ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, wọ́n sì ka àwọn tí wọ́n mọ̀ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń fi ìka àbámọ̀ bọnu dòní. Àwọn kejì ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọ́n ní kó fi lẹ́tà ránṣẹ́ lónìí, ọ̀nà á là.

Mo ti bá àwọn méjèèjì gbé rí, mo sì mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di igi gogoro mú, òwe yẹn ní kí a wò ó láti òkèèrè, kò ní kí a dúró lójú kan. Ẹni tó rí igi lọ́ọ̀ọ́kán yà fún un, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àbúrò wa ti wo igi yìí fún oṣù mẹ́rìnlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì di oyin mú, ẹni tó ń gbé àáké lọ sídìí àpáta ti mọ̀ pé oyin wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo òkúta tó bá pàdé lọ́nà ló ń là. Ẹ kò tilẹ̀ bi í léèrè iye aṣọ tó ń rán lóṣù kan kí ẹ tó ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn mìíràn ní kó dúró de àmì. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀, èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó bèèrè àmì, tí àmì dé, tó tún ní kí òmíràn wá jẹ́rìí sí i. Lójú tèmi, ẹ̀rù ló ń bèèrè ìkejì yẹn. Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọrọọrún yẹn. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ìdáhùn kan tó lè kárí gbogbo ọ̀la, wọn kò sì jókòó dè é. Èyí tó tó ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n á fi ṣe nǹkan, wọ́n á tún padà wá bèèrè.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé, "Ṣé gbogbo ẹ̀rù ni kí a wá tì sẹ́yìn?"

Rárá o. Èyí ni mo fẹ́ kí àbúrò wa fara balẹ̀ gbọ́, torí mo ti jìyà rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, èmi àti ẹnìkan la jọ dá ilé ìtẹ̀wé kékeré kan sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ti gbọ́ pé akin kì í bẹ̀rù, mo sì sọ fún ara mi pé ojo ló ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀rù yẹn, ọ̀kan dá yàtọ̀: n kò fi ojú mi kan ìwé ìnáwó ẹnìkejì mi yìí rí. Bí mo bá bèèrè, á ní kí n fọkàn balẹ̀, a jọ ni ín. Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ tí a fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Bírò náà kọ̀, kò kọ. Mo mì ín, mo fi fa ilà sẹ́yìn ọwọ́ mi títí yíǹkì fi jáde. Gbogbo àkókò yẹn, inú mi ń sọ pé, bèèrè ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. N kò bèèrè. Mo fọwọ́ sí i. Nígbà tó di oṣù keje, gbèsè tí n kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ yọjú, wọ́n sì wá kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ. Ilà yíǹkì yẹn ti parẹ́ lọ́wọ́ mi tipẹ́, mo ṣì mọ ibi tó wà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ya ẹ̀rù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rù kan wà tó ní ohun tí a lè lọ wò. Ìwé kan wà tí n kò kà, ènìyàn kan wà tí n kò bi léèrè, iye kan wà tí n kò ṣírò. Èyí kì í ṣe ojo rárá, ìròyìn ni. Ẹ̀rù kejì kàn ń sọ pé "bí nǹkan bá bàjẹ́ ńkọ́?" Kò sí ìwé tó lè dá a lóhùn. Bí o bá fún un ní ìdáhùn mẹ́wàá, á béèrè ìkọkànlá. Ti àkọ́kọ́, lọ wò ó, má ṣe ohunkóhun títí wàá fi wò ó. Ti ìkejì, wàá gbé e dání lọ ni.

Bí mo ṣe ń yà wọ́n kò le. Kọ gbogbo ẹ̀rù rẹ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bi ara rẹ pé: kí ni mo lè lọ wò, tàbí bèèrè, tàbí ṣírò láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó máa tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí? Àbúrò mi, ṣe é kí o fi èsì ránṣẹ́ sí mi.

* * *

Ó ṣe é. Ohun tó kọ ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, mọ́kànlá ni wọ́n. Mẹ́rin péré ló ní ohun tí mo lè lọ wò. N kò mọ iye aṣọ tí mo gbọ́dọ̀ rán lóṣù kí owó rẹ̀ tó tó owó oṣù mi. Ẹ̀rọ mi ń já òwú, n kò sì mọ̀ bóyá ó ṣeé tún ṣe. N kò mọ iye oṣù tí owó tí mo tọ́jú lè gbọ́ bùkátà ilé. N kò sì mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ lè gbà kí n máa wá ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Méje tó kù, bí mo ṣe ń kọ wọ́n ni mo rí i pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: kí àwọn ènìyàn má baà wò mí pé mo gbìyànjú, n kò rí i ṣe. Mo sunkún díẹ̀ nígbà tí mo rí i."

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀. Ẹkún yẹn kì í ṣe nǹkan ìtìjú.

Ìkẹrin nínú àwọn mẹ́rin yẹn ló mú mi dúró. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀! Oṣù mẹ́rìnlá lo fi ń tún lẹ́tà kan kọ, lẹ́tà pé o ń lọ pátápátá. O kò kọ lẹ́tà tó máa bèèrè ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan rí. Bí ẹ̀rù ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀nà méjì péré, kí o fò tàbí kí o jókòó. Ehoro inú yàrá ọmọ yẹn kò fò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Lórí owó ìpamọ́, àríyànjiyàn ti pọ̀ níbí, ohùn mi kò sì ní gùn lórí rẹ̀. Ẹnìkan ní kó má tọ́jú owó rárá, pé ebi ló ń jẹ́ kí ènìyàn jára mọ́ṣẹ́. Mi ò bá a gbà. Télọ̀ tí owó ilé-ìwé ọmọ ń lé kò lè sọ fún oníbàárà pé rárá. Á gba aṣọ ogún nígbà tí agbára rẹ̀ kò ju méjìlá lọ, á fi ìkánjú gé e, ọrùn aṣọ á ṣí ju bó ṣe yẹ lọ, oníbàárà yẹn kò sì ní padà wá. Ẹlòmíràn ní kó tọ́jú ti ọdún méjì. Ìyẹn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí mo mọ ẹni tó dá oṣù mẹ́fà, nígbà tó pé, ó sọ ọ́ di mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà ó ní ọdún kan. Owó rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ̀rù rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Iye tí ìwọ àti ọkọ rẹ bá jọ ṣírò pé ó tó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ rò pé ó máa pé. Bó bá pé, ó pé. Iye gan-an kò jà mí lógún tó pé kí ẹ má sún un síwájú.

Àwọn tó máa wò ọ́, wọ́n á wò ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, bùkátà tiwọn á sì pè wọ́n padà sílé.

* * *

Mo fẹ́ yà lójú ọ̀nà díẹ̀. Bóyá kò jọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n lójú mi ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, dókítà rí kókó kan lọ́rùn mi. Wọ́n gba díẹ̀ nínú rẹ̀ láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kí n wá gba èsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni n kò fi lọ. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Láràárọ̀, kí n tó fi omi kan ojú, ìka mi méjì á ti wà lọ́rùn, wọ́n á máa wọn kókó náà bóyá ó ti tóbi sí i. Mo wọ̀n ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ara ibẹ̀ fi pọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi kò bá mi jiyàn mọ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ ohunkóhun. Èmi náà wá bàtà tèmi.

Kókó náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ gé e jáde. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń sọ fún mi yẹn o, lọ́rùn. Síbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn di ojúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó yà mí lẹ́nu, mo rò pé èmi nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi nìkan kọ́. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní University College London ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí ènìyàn márùndínláàádọ́ta máa ṣe eré kan lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa sọ bóyá ejò wà lábẹ́ òkúta tàbí kò sí. Bí ejò bá wà, iná mànàmáná á ta wọ́n lọ́wọ́, á sì dùn wọ́n. Àwọn olùwádìí wo òógùn ara wọn àti bí ọmọlójú wọn ṣe ń fẹ̀. Ìgbà tí ọkàn àwọn ènìyàn yìí dàrú jù ni ìgbà tó jẹ́ ìdajì sí ìdajì, tí wọn kò mọ̀ bóyá iná máa ta wọ́n tàbí kò ní ta wọ́n. Nígbà tó dá wọn lójú pé iná máa ta wọ́n, ara wọn rọlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ìrora tó dájú kò da ara láàmú tó àìmọ̀.

Àbúrò mi, ìdajì sí ìdajì yẹn lo ti ń gbé fún oṣù mẹ́rìnlá. O rò pé bí o kò ṣe tíì ṣe nǹkan kan, ewu kò tíì bá ọ. Ìwọ tí o kò rí oorun sùn.

* * *

"Àwọn tó ṣe nǹkan ńlá láyé, ọkàn wọn balẹ̀ ni." Ẹnìkan kọ èyí, àwọn mẹ́ta sì fọwọ́ sí i.

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ju ti gbogbo wa níbí lọ. Lóṣù Kẹfà ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Dwight Eisenhower, ọ̀gágun ará Amẹ́ríkà, ni ọ̀gá àgbà fún àwọn ọmọ ogun tó fẹ́ gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ karùn-ún oṣù náà ni wọ́n dá. James Stagg, tó ń bá wọn wo ojú ọjọ́, ní ìjì ń bọ̀. Eisenhower sún un sí ọjọ́ kẹfà. Nígbà tí Stagg wá sọ pé ojú ọjọ́ lè rọlẹ̀ díẹ̀, Eisenhower ní kí wọ́n máa lọ. Ó wá mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí ìwé pélébé kan, èyí tó máa kà bí nǹkan bá bàjẹ́, pé ìgúnlẹ̀ náà kò yọrí sí rere, pé òun ti kó àwọn ọmọ ogun padà, bí ẹ̀bi bá sì wà, tòun nìkan ni. Ó fi í sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ sí i jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje, nígbà tó jẹ́ pé oṣù Kẹfà ni wọ́n wà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í ṣi oṣù kọ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹfà, àwọn ọmọ ogun tó lé ní 150,000 gúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdúró ọjọ́ kan yẹn. Ìjì jẹ́ ohun tí ènìyàn lè wò, ó wò ó, ó sì dúró nítorí rẹ̀. Bó bá ní òun ń dúró kí gbogbo rẹ̀ dá òun lójú, ó di bí ọ̀sẹ̀ méjì kí òkun tó tún rí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn pé, ìjì ńlá kan jà ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ó sì fọ́ ọ̀kan nínú èbúté tí àwọn ọmọ ogun náà fi ọwọ́ kọ́ sétí òkun.

Mi ò fi aṣọ rírán wé ogun. Ìwé pélébé inú pọ́ọ̀sì yẹn ni mo fẹ́ kí a yá lò. Àbúrò mi, o ti kọ lẹ́tà tí wàá fi lọ. Kọ èyí tí wàá kà bó bá bàjẹ́: ta ni wàá kọ́kọ́ pè, irú iṣẹ́ wo ni wàá wá, kí ni ẹ máa tà, kí ni ẹ kò ní tà láéláé. Bí o bá kọ ọ́ tán, wàá rí i pé "bí nǹkan bá bàjẹ́ ńkọ́" ti ní ìdáhùn. Kò dùn, ṣùgbọ́n ó wà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan bínú sí mi. Ó ní òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, òun pàdánù owó àti ilé, iṣẹ́ tí òun ń ṣe báyìí kò tó ti àtẹ̀yìnwá. Ó ní kí n yé tan àwọn ènìyàn jẹ.

Ẹ̀gbọ́n, ó dùn mí. Mi ò ní sọ fún yín pé ẹ rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ilé kì í ṣe owó ilé-ìwé.

Ohun tí mo mọ̀ ni mo lè sọ. Steven Levitt, tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Chicago nígbà náà, ní kí àwọn tí ọkàn wọn pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ ńlá, bíi kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kí wọ́n má fi í sílẹ̀, jẹ́ kí owó ẹyọ bá wọn dá a. Ó lé ní ìgbà 20,000 tí wọ́n ju owó ẹyọ yẹn. Ìwé tó tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2021 sọ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, inú àwọn tó yí nǹkan padà dùn ju ti àwọn tó dúró síbi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ ni gbogbo wọn, àpapọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì nìyẹn. Ẹnìkan á wà láàárín wọn tí ojú rẹ̀ rí ohun tí ojú yín rí, àpapọ̀ yẹn kò lè tù ú nínú.

Mo bi ẹ̀gbọ́n yìí ní ìbéèrè kan: oṣù kelòó lẹ ti mọ̀ nínú ara yín pé kò ní lọ? Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní oṣù kẹrin. Oṣù wo lẹ wá pa á tì? Ó ní oṣù kọkàndínlógún.

Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láàárín wọn. Ó ní ojú ń ti òun láti sọ fún ìyá òun. Mo ka èsì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rù tó ń di àbúrò wa lọ́wọ́ kó má bẹ̀rẹ̀, òun náà ló di ẹ̀gbọ́n yìí lọ́wọ́ kó má dáwọ́ dúró. Ilé sì lọ sínú oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. N kò ronú nípa ìhà yẹn tẹ́lẹ̀, ìmọ̀ràn tí mo fún àbúrò wa kò sì pé láìsí i. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi, kọ àmì ìdádúró sílẹ̀ nígbà tí ojú rẹ ṣì mọ́lẹ̀: bí owó tó wọlé kò bá tó iye báyìí ní oṣù báyìí, màá wá iṣẹ́ mìíràn kún un. Fún ọkọ rẹ ní ẹ̀dà kan kó máa tọ́jú rẹ̀.

* * *

Àbúrò wa bèèrè bó ṣe máa gbé e lọ́jọ́ Ajé, torí ó mọ̀ pé bó bá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀, ẹsẹ̀ á wúwo.

Má dá a sí "lọ́sẹ̀ yìí". Peter Gollwitzer, tó ti ṣèwádìí púpọ̀ lórí ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn ṣe ohun tó ní lọ́kàn, kọ ọ́ lọ́dún 1999 pé ẹni tó bá so ìpinnu rẹ̀ mọ́ àkókò àti ibi kan, pé bí báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, báyìí ni màá ṣe, sábà máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní èrò rere lọ. Tìrẹ lè jẹ́: bí mo bá ti gbé báàgì mi sórí tábìlì lọ́jọ́ Ajé, kí n tó tan kọ̀ǹpútà, màá lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Gbólóhùn kan péré ni kí o mú dání: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bèèrè bóyá mo lè máa wá ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀." Má rò ó pé ohùn rẹ á ṣe ketekete. Jẹ́ kó gbọ̀n.

* * *

Ó kọ̀wé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun:

"Mo gbé báàgì lélẹ̀, mo lọ. Ohùn mi gbọ̀n lóòótọ́, mo sì gbàgbé 'ẹ jọ̀ọ́'. Ọ̀gá mi wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, òun á dá mi lóhùn kí oṣù tó parí. Àyà mi ṣì ń lù bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n mo sùn lánàá."

Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Bí o ṣe ń dúró de èsì ọ̀gá, ohun mẹ́ta yòókù ṣì wà nínú ìwé rẹ. Gbé ẹ̀rọ yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó wo ìdí tó fi ń já òwú. Jókòó pẹ̀lú ọkọ rẹ kí ẹ ṣírò ti owó àti ti iye aṣọ. Lẹ́tà àtijọ́ tó wà nínú fóònù rẹ, má pa á rẹ́ o. Ṣùgbọ́n má ṣí i mọ́ títí ọ̀gá á fi dáhùn. Bó bá ní rárá, kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ yẹn gan-an, ká jọ wo èyí tó kàn.